Arò Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹtu Kejì

3.

…ó sì tún kú. Ọ̀kọ̀ gba ọ̀fun rẹ̀ wọlé, ó gba ẹ̀yìn ọrùn jáde. Rebecca pariwo fún un: igbe gígùn kan, igbe kúkúrú kan, lẹ́yìn náà èémí nìkan. Lẹ́yìn gíláàsì, Tìjání gbé àtàǹpàkò sókè. Ó dára.

"Màmá, ẹ mu omi," ni Tìjání wí. "Méjì ṣì kù tí ẹ máa kú ká tó jẹun."

4.

Sítúdíò náà wà ní Aramọkọ, yàrá méjì lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Níbẹ̀ ni Adéyínká, tó kàwé dé ìlú òkèèrè kó tó padà wálé, ti ń ṣe kàtúùnù tí tọmọdé tàgbà ń wò lórí fóònù: *Òkè Ìjì*. Apá mẹ́ta ti jáde. Ọmọ ọba kan wà nínú rẹ̀ tí kì í kú. Àwọn tí ń kú ni àwọn abàmì, ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹran, tí ń tú jáde láti inú àpáta kí ọmọ ọba lè rí nǹkan pa.

Wọn kò lórúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fi dá wọn mọ̀.

Rebecca ni ohùn gbogbo wọn. Ọmọ Ìjerò ni. Alámọ̀ ni ìyá rẹ̀, alámọ̀ ni òun náà: obìnrin tí í fi ohùn sin òkú, tí í sì fi ohùn kí alààyè. Tìjání ló ń gba ohùn sínú ẹ̀rọ. Àwọn òbí rẹ̀ ti Ìsẹ́yìn wá, wọ́n ń ránṣọ ní Aramọkọ kí wọ́n tó bí i. Jemimah, ọmọ Rebecca, ló ń ya àwọn abàmì náà.

5.

ÀWỌN TÓ TI KÚ
(ọwọ́ Jemimah, lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àwòrán)

Ọ̀bọ Abìyẹ́ Kìíní. Wọ́n fa ìyẹ́ rẹ̀ ya.
Ọ̀bọ Abìyẹ́ Kejì. Ó ń wo ti Kìíní lọ́wọ́ nígbà tí òkúta bà á.
Akika Ẹlẹ́nu Ènìyàn. Wọ́n sun ún láàyè nínú ìpẹ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ: "Ẹ jọ̀ọ́."
Ejò Ọlọ́mú. Wọ́n gé e sí mẹ́ta. Èyí tó wà láàárín ṣì ń wá orí kiri.
Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹtu Kìíní. A kò rí ikú rẹ̀. Ẹsẹ̀ nìkan la rí.
Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹtu Kejì.

6.

ÌKÌLỌ̀ LÁTI ỌWỌ́ TÌJÁNÍ
(lórí àwọn nǹkan tí a fi ń dá ìró inú kàtúùnù)

Ìrèké ni egungun. Ẹ má jẹ ẹ́.
Aṣọ tútù ni awọ.
Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ẹran ara. Àdá tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, iṣẹ́ la fi ń ṣe. Ẹni tó bá fi gé iṣu, òun náà la ó fi gé.
Ẹ̀jẹ̀ kì í dún. Ẹ yé bu omi tòmátì wá.
Ìyókù dọwọ́ Màmá.

7.

Ọjọ́ tí Jemimah kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ó yọ ohun tó wà létí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

TÌJÁNÍ: Kò dára ni?
JEMIMAH: Ó dára.
TÌJÁNÍ: Kí ló wá dé tójú rẹ rí báyìí?
JEMIMAH: Mo ti gbọ́ igbe yẹn rí ni.
TÌJÁNÍ: Níbo?
JEMIMAH: Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

8.

Odò-Ọwà ni Rebecca ti lọ́kọ. Dúrótoyè lórúkọ ọkọ náà, àkọ́bí ulé Ẹlẹ́tu. Ará ìdílé náà kì í jẹ ẹtu. Bí ẹtu bá sùn sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọn a rìn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ènìyàn ni wọ́n máa ń lù níbẹ̀.

Ọlọ́wọ́ òsì ni Dúrótoyè. Ẹni tí ń sá fún ẹgba, ọwọ́ ọ̀tún ló máa ń ṣọ́, nítorí náà Rebecca kì í rí i kó tó dé. Eyín mẹ́ta. Etí òsì tí kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Oyún kan tí ọmọ odó gbà lára rẹ̀ ní ìdí ààrò, tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ilẹ̀ ibẹ̀ kí ó tó dáná alẹ́ fún un. Kò gbàgbé ọ̀kankan. Ó mọ aṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ tó lọ, ó pọn Jemimah, ó gun ọkọ̀ oníṣu. Ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀jẹ̀. Kò tu ú títí wọ́n fi kọjá Ìjerò, kí ẹnikẹ́ni má baà tọ ipa rẹ̀.

9.

ADÉYÍNKÁ: Màmá, ní apá kẹrin yìí mo fẹ́ nǹkan tuntun. Abàmì kan á kú, a ò ní yára kọjá. A máa sunkún ẹ̀.
REBECCA: Èwo nínú wọn?
ADÉYÍNKÁ: Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹtu Kejì. Ọmọ ọba á bẹ́ ẹ lórí, orí á yí lọ, ara á ṣì dúró díẹ̀. Ẹ wá fi àmọ̀ gbé e sùn.
REBECCA: Ọmọ ta ni?
ADÉYÍNKÁ: Mà?
REBECCA: Ọ̀gá wa, a kì í sun àmọ̀ fún ẹni tí kò nílé. Ulé ta ni wọ́n bí i sí?
ADÉYÍNKÁ: Àwòrán ni, Màmá! Jemimah ló bí i.
TÌJÁNÍ: Nínú oyún kọ̀ǹpútà.
(Ẹ̀rín.)
ADÉYÍNKÁ: Ẹ ṣáà sọ ohun tó bá wá sí yín lẹ́nu.

10.

Wọ́n tan àwòrán náà síwájú rẹ̀. Abàmì náà dúró lórí ẹsẹ̀ ẹtu tín-ín-rín méjì. Láti ìbàdí lọ sókè, ọkùnrin ni. Kùmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọba fò, idà gé, orí bọ́. Ara kò tètè mọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tún ju kùmọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó rọ.

Rebecca rí ọwọ́ òsì yẹn.

Alámọ̀ kì í ronú. Bí òkú bá wà nílẹ̀, á wo àmì ara rẹ̀, ohùn á sì wá ilé tí àmì náà ti wá. Ẹtu ló wà níwájú rẹ̀. Ilé ẹtu kan ṣoṣo ló wà tí ó mọ oríkì rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Obìnrin kì í mọ ilé baba rẹ̀ tó bó ṣe mọ ilé ọkọ. Àràárọ̀ ló fi kọ́ èyí, lórí ìkúnlẹ̀.

Ó lanu.

11.

*Ọmọ ẹlẹ́tu Odò-Ọwà,*
*ọmọ ẹtu sùn sẹ́nu ọ̀nà, ará ulé kò pa á,*
*àkọ́bí ulé, ọlọ́wọ́ òsì,*
*ọwọ́ tí a kò wò ló mú uṣẹ́ ṣe.*
*Ìwọ tí í ti òsì bọ̀,*
*ukú ti ọ̀tún mú ọ.*
*Ugbó gbọ́, ugbó dákẹ́.*
*Ulẹ̀ ti gbà ọ́, má bojú wẹ̀yìn.*
*Sùn ún re.*

Adéyínká ń nu ojú. Tìjání gbàgbé láti gbé àtàǹpàkò sókè.

12.

Ó ṣèèṣì ni.

12.

Kò ṣèèṣì.

12.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ra ẹ̀kọ. Nígbà tí ó ń san owó, ó rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́.

13.

ẸLẸ́SẸ̀ ẸTU KEJÌ, LẸ́YÌN TÍ ORÍ RẸ̀ BỌ́

Gbogbo àwọn ará mi kú láìsí ẹni tó pè wọ́n ní ọmọ ẹnì kan. Èmi nìkan ni wọ́n fún ní baba. Orí mi wà nínú koríko, mo ń gbọ́ obìnrin kan tí ń ka ilé mi fún mi, mo sì ń sọ pé, ó dára, ó dára, mo nílé.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ẹlòmíràn dáhùn láti ọ̀nà jíjìn.

Ilé náà ti ní onílé.

14.

ỌMỌ ODÒ-ỌWÀ NÍLÉ LÓKO (Wasáàpù)

Fọláyẹmí: Ṣé ẹ ti wo Òkè Ìjì apá kẹrin? Ẹ gbọ́ àmọ̀ ìparí ẹ̀.
Ìdrís: Mo gbọ́. Mo sunkún ẹran! Èmi Ìdrís!
Fọláyẹmí: Padà lọ gbọ́ ọ dáadáa. Ulé ta ni wọ́n ń kì níbẹ̀?
Ìdrís: Yéè.
Fọláyẹmí: Àkọ́bí. Ọlọ́wọ́ òsì.
Ìdrís: Ta ló sun àmọ̀ náà?
Fọláyẹmí: Ohùn Rebecca ni. Ìyàwó ẹ̀ tó sá lọ.
Ìdrís: Ẹ rọra o, Ẹ̀gbọ́n Dúrótoyè wà nínú ẹgbẹ́ yìí.
Dúrótoyè: Mo wà níbí.
Fọláyẹmí: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti lọ, ẹ ò sì dágbére fún wa!
Ìdrís: Ẹ kí àwọn ará ọ̀run sà.
*Dúrótoyè ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí.*

15.

Láti ọjọ́ náà, bó bá kọjá lọ́jà, àwọn ọmọdé á dìde dúró, wọ́n á ṣí fìlà. Alágbẹ̀dẹ kan bi í bóyá ọ̀run gbóná. Dúrótoyè lu alágbẹ̀dẹ náà títí ẹ̀mú irin fi bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń là wọ́n. Kò sí ẹni tó tún rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

16.

Ọ̀RỌ̀ TÍ BÀBÁ MOSES, ÀGBÀ ULÉ ẸLẸ́TU, SỌ FÚN DÚRÓTOYÈ NÍWÁJÚ ẸBÍ

"A ti yàn ọ́ sí oyè olórí ulé. A ti dá ọjọ́. Ṣùgbọ́n a kì í gbé oyè lé orí ẹni tí a ti fi ohùn sin. Ìwọ sọ pé kàtúùnù ni. Àwa gbọ́ oríkì wa.

"Ẹni tó sin ọ́ ni yóò pè ọ́ padà, ẹnu ara rẹ̀ ni yóò fi pè ọ́, bí ìyàwó ti í kí ọkọ láàárọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn baba ńlá, á sì parí sí orí orúkọ rẹ. Bí kò bá tíì dárúkọ rẹ, kò tíì pè ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá já a lẹ́nu gbà láàárín, ó bàjẹ́, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é fún ẹni tí wọ́n ní ó kú sógun, tó padà dé. Lọ bá ìyàwó rẹ. Fi sùúrù bá a."

17.

(Ẹ̀rọ Tìjání wà ní títàn. Ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń múra láti gé. Ọ̀sán gangan ni. Àwọn tí ń mọ búlọ́ọ̀kù ń kọrin níta.)

TÌJÁNÍ: Ẹ káàsán sà. Ta lẹ ń wá?
OHÙN ỌKÙNRIN: Òkú ni mí. Mo wá wo ibi tẹ́ ẹ sin mí sí.
TÌJÁNÍ: Háà, sà! (ẹ̀rín) Ẹ wọlé, ẹ jókòó.
(Ohun kan fọ́. Ohun ńlá kan tún fọ́.)
ADÉYÍNKÁ: Ẹ má fọ́ kọ̀ǹpútà! Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni!
DÚRÓTOYÈ: Rebecca dà?
ADÉYÍNKÁ: Kò sí níbí.
DÚRÓTOYÈ: Ìwọ tí o dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn, ìwọ lo gba ohùn rẹ̀ sínú ẹ̀rọ?
TÌJÁNÍ: Iṣẹ́ mi ni sà.
DÚRÓTOYÈ: Àdá ta rèé?
TÌJÁNÍ: Sà, ìyẹn, a fi ń…
(Ìró.)
(Ìró.)

18.

Kò dún bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rárá.

19.

Búrẹ́dì ni Rebecca lọ rà. Nígbà tó dé, Dúrótoyè ti lọ, orin àwọn oníbúlọ́ọ̀kù sì ti dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ti kọjá àbáwọlé, ó ń wá ọ̀nà lọ sínú yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi mọ búlọ́ọ̀kù. Tìjání jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Apá òsì rẹ̀ rọ̀ mọ́ awọ díẹ̀ àti iṣan kan, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ dání.

"Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ẹ̀rọ ṣì ń gba ohùn. Ẹ bá mi pa á."

Rebecca pa á. Ó ya ìró ìdí rẹ̀, ó fi so apá náà lókè ìgúnpá, ó fa á le. Ó mọ bí wọ́n ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

20.

Wọ́n gé apá náà ní ọsibítù.

Ọlọ́pàá kan kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ tọkọtaya kọ́ lèyí?" Ó ní kí wọ́n padà wá.

Mùínàt, ìyá Tìjání, jókòó sórí àga onígi lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí. Kò kígbe.

"Ìyá Jemimah, ọmọ mi kì í ṣe ará Odò-Ọwà. Kì í ṣe ẹtu. Kí ló pa wọ́n pọ̀?"

Rebecca ń ha ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ kúrò ní èékánná rẹ̀.

"Wọ́n ní ohun tí ọkùnrin yẹn ń bèèrè ò ju kí ẹ kì í lọ. Kí ló máa ná yín? Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, kí ó má baà tún wá gba ti ọmọ ẹlòmíràn."

"Mo gbọ́, Ìyá Tìjání."

"Ẹ gbọ́. Ẹ ò sì sọ pé ẹ máa ṣe é."

21.

ADÉYÍNKÁ SÍ REBECCA (Wasáàpù)

Màmá ẹ káàárọ̀ mà. Mo ti yọ àmọ̀ yẹn kúrò nínú fíìmù.
Àwọn ènìyàn ti dà á kọ sórí fóònù wọn ṣáájú.
Mo pe Bàbá Moses. Wọ́n ní pípa á rẹ́ kò kan àwọn, ẹnu yín làwọn fẹ́.
Màmá ẹ jọ̀ọ́ ẹ ro ti sítúdíò.
Ẹ ro ti Jemimah.
Màmá?

22.

Nínú yàrá ìdáná. Jemimah ń gé ilá, Rebecca ń ro ọbẹ̀.

"Ta ló ní kí o ya ọwọ́ òsì fún un?"

"Kò sẹ́ni. Ọ̀tún ni Ọ̀gá Adéyínká ní kí n yà."

"Kí ló wá dé?"

"Mo fẹ́ ya ẹni tó ń lu nǹkan. Òsì ló wá." Jemimah ti ọ̀bẹ sápá kan. "Ẹ̀yin náà ńkọ́, Màmá? Ta ló ní kẹ́ ẹ kì í?"

Ọbẹ̀ hó títí ó fi fẹ́ pa iná. Rebecca sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ilá yẹn ti tó," ó wí.

23.

Ohun tí Rebecca mọ̀, tí Mùínàt kò mọ̀, tí Adéyínká kò sì mọ̀:

Dúrótoyè gé apá ẹni tó gba ohùn. Ó fọ́ ẹ̀rọ tó gbé ohùn lọ. Ẹni tó ni ohùn gan-an, ó rí i lọ́nà ọjà Aramọkọ lẹ́yìn ìyẹn, òun nìkan, kò sí ènìyàn nítòsí. Ó dá ọ̀kadà rẹ̀ dúró. Ó wo ọ̀fun rẹ̀ bí ẹni wo ìkòkò tí omi mímu rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Má jẹ́ kí òtútù mú ọ." Ó lọ.

Nítorí náà, bí òun kò bá tíì pè é, Dúrótoyè kò lè pa òun.

Ọjọ́ tó bá pè é tán, ẹnu rẹ̀ di ẹnu lásán.

24.

Adéyínká ló pè wọ́n jọ. Kò sọ fún Rebecca. Ó ní kí ó wá ka ìlà díẹ̀ fún abàmì tuntun kan, Rebecca sì wọlé bá Bàbá Moses lórí àga, ọ̀pá rẹ̀ láàárín orúnkún, àti Dúrótoyè tó dúró ti tábìlì tí Jemimah fi ń yàwòrán. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n tún ṣe wà ní títàn. Wọ́n ti gbé máìkì kalẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú," ni Adéyínká wí. "Àgbà wà ńbẹ̀. Ọ̀rọ̀ á tán lónìí."

Rebecca kúnlẹ̀ kí àgbà. "Ọkọ mi àgbà, ẹ káàsán."

"Ìyàwó wa, káàsán. Ó pẹ́ tí ulé ti rí ọ."

"Ulé rí mi dáadáa nígbà tí mo wà níbẹ̀, Bàbá. Ẹ̀yin gbọ́ mi láti ẹ̀yìn ògiri."

Bàbá Moses wo ilẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó pè mí," ni Dúrótoyè wí. "Ìgbẹ́jọ́ kọ́ la wá ṣe."

"Mi ò ní pè ọ́, Bàbá Jemimah."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni sọ pé iyọ̀ tán.

Jemimah wà nídìí tábìlì rẹ̀, ó sún mọ́ ọn jù. Dúrótoyè di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì, láàárín àwọn pẹ́ńsù. Àdá ti wà lọ́wọ́ òsì kí ẹnikẹ́ni tó rí ibi tó ti yọ ọ́. Àdá sítúdíò kọ́. Tirẹ̀ ni, tí ó pọ́n wá láti ilé. Ojú àdá bà á lórí awọ, ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín yọ bí òwú.

"Dúrótoyè!" Bàbá Moses dìde. "Èyí ò sí nínú ohun tí a sọ! Ọmọ rẹ ni!"

"Ọwọ́ yìí ló yà mí lẹ́sẹ̀ ẹran. Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ ní kí n lọ bá ìyàwó mi, mo ti bá a."

"Màmá," ni Jemimah wí. "Ẹ má pè é. Màmá, ẹ gbọ́ mi? Ó máa pa wá tó bá…"

Dúrótoyè fi ìgúnpá gbá a lẹ́nu. Jemimah gbé ẹ̀jẹ̀ mì.

Rebecca rí bí ó ṣe gbé e mì.

25.

OHÙN TÍ Ẹ̀RỌ GBÀ

REBECCA: Ẹ sún máìkì sókè díẹ̀.
ADÉYÍNKÁ: Màmá…
REBECCA: Sún un. Bàbá Moses, ẹ tún òfin sọ kí etí gbogbo wa gbọ́ ọ.
MOSES: Láti orí àwọn baba ńlá títí dé orí orúkọ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má já a gbà. Bí wọ́n bá já a gbà, ó bàjẹ́ títí láé.
REBECCA: Bí ọmọ mi bá ké, jíjágbà ni?
MOSES: Jíjágbà ni.
REBECCA: Bí àdá bá gé nǹkan, tí ó dún?
MOSES: Jíjágbà ni.
REBECCA: Bàbá Jemimah, o gbọ́?
DÚRÓTOYÈ: Bẹ̀rẹ̀.

26.

*Ọmọ ẹlẹ́tu Odò-Ọwà, dìde o,*
*ilẹ̀ mọ́, ulé ti jí.*
*Ọmọ ẹtu sùn sẹ́nu ọ̀nà, ará ulé kò pa á.*
*Baba tó bí baba rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ kí…*

27.

Ó kí baba. Ó kí baba baba. Ó kí ìyá tó bí baba baba àti ìlú tí wọ́n ti gbé e níyàwó. Ó kí oko wọn nísàlẹ̀ odò. Ó kí ogun tí wọ́n jà, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú níbẹ̀ àti àwọn tó padà dé. Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì wọlẹ̀. Ó ń lọ bí omi tó mọ ọ̀nà.

Ojú Dúrótoyè ń rọ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Kò gbé àdá kúrò.

Rebecca dé orí ẹni àkọ́kọ́ tó tẹ ulé náà dó. Lẹ́yìn ẹni yẹn, ohun tó kù kò ju àkọ́bí ulé lọ, lẹ́yìn náà ọlọ́wọ́ òsì, lẹ́yìn náà orúkọ.

Ó mí sínú.

28.

*Arákùnrin rẹ̀ ńkọ́, tí wọ́n jọ rìn wá?*
*Ọmọ Arínlójì, tó fi òjò bora,*
*ẹni tó bá ẹkùn pín ẹran, tó mú èyí tó tóbi…*

29.

Bàbá Moses gbójú sókè.

Kò sí Arínlójì kankan nínú ulé Ẹlẹ́tu rí. Òun ni àgbà ibẹ̀, òun ló ń sọ ìtàn wọn fún àwọn ọmọ. Ó wo Rebecca. Rebecca kò wò ó. Ìdí àdá ló ń wò, níbi tí ìka Dúrótoyè ti di èèkù mú.

Bàbá àgbà wo Dúrótoyè. Omi lé ròrò sójú ọkùnrin náà. Ó ń mi orí, ó ń gbéraga nítorí Arínlójì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Bàbá Moses wí, jẹ́jẹ́, bí ẹlẹ́gbè ti í gbè é. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó jókòó padà.

30.

*Arínlójì bí mẹ́fà.*
*Ẹ jẹ́ kí n kí wọn níkọ̀ọ̀kan…*